Wọ́n Pàtẹ́wọ́ fún Ìgbàgbé Ọkọ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ó ti rẹ̀ mí. Kì í ṣe àárẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mò ń ṣe ní Marietta nílẹ̀ Amẹ́ríkà, nítorí ìyẹn ti mọ́ mi lára. Àárẹ̀ ẹni tó ń gbé irọ́ mọ́ra lójoojúmọ́ ló ń ṣe mí. Bí mo bá sọ òótọ́, ọkọ mi yóò ní mo pa òun. Bí mo bá sì dákẹ́, ibo ni ìdákẹ́ yìí yóò gbé wa dé?

Òṣèré ni ọkọ mi. London ni àwọn òbí rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú bí i sí, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ eré orí ìtàgé kó tó bọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. Kò ṣe olórí eré rí o. Òun ni dókítà tó ń mú ìròyìn burúkú wá, òun ni wọ́dà, òun ni bíṣọ́ọ̀bù, òun ni bàbá ìyàwó tó ń bínú. Àwọn èèyàn á máa nàka sí i nílé ìtajà pé, "Mo mọ ojú yìí!" ṣùgbọ́n wọn kì í mọ orúkọ rẹ̀. Kò dùn ún. Á ní iyọ̀ kọ́ ni ọbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀? Nígbà tí iṣẹ́ fíìmù pọ̀ ní Atlanta la kó wá síbí, a ra ilé sí Austell. Nínú gáréèjì wa ló ti máa ń fi fóònù ya ara rẹ̀ láti fi wáṣẹ́, èmi ni mo sì máa ń ka ọ̀rọ̀ ẹni kejì fún un.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fura. Lọ́sàn-án Sátidé kan, gbólóhùn kékeré kan kọ̀, kò dúró sí i lórí. A tún un sọ títí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àgbà ló dé. Èmi tí mò ń tọ́jú arúgbó lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rín kò pa mí. Kò pẹ́ sígbà náà ló wa mọ́tò jáde tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sọ ohun tí mo ti mọ̀: àrùn ìgbàgbé ti wọlé.

Ọkọ mi ní, "Ìyá Tólú, mo bẹ̀ ẹ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n ti sin mí nìyẹn."

Mo gbà. Bí ojú bá rí, ẹnu a máa dákẹ́.

Àṣé ipò tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí ló kù sí dẹ̀dẹ̀! Wọ́n pè é kó wá ṣe adájọ́ nínú fíìmù kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ bí omi òjò. Mo gba ìsinmi, mo ń gbé e lọ sí Fairburn, níbi tí wọ́n ti sọ ilé ìkẹ́rùsí kan di kóòtù. Mo ń kọ́ ọ lọ́rọ̀ nínú mọ́tò bí ọmọ tó fẹ́ ka Bíbélì ní sọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ tó yẹ kó dá ẹjọ́ ikú fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ó lanu, kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó ń wo ọmọ náà. Omi lé ròrò sí ojú rẹ̀. Mo ti dìde kí n lọ mú un, ni olùdarí eré bá ní kí wọ́n dá kámẹ́rà dúró, òun fúnra rẹ̀ sì bú sẹ́kún. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́! Wọ́n ní àwọn kò tíì rí adájọ́ tí àánú mú dákẹ́ báyẹn rí.

Nínú mọ́tò, ọkọ mi di ọwọ́ mi mú. "Kí ni mo sọ fún wọn?"

Mo ní, "O ò sọ nǹkan kan."

Ó tún bi mí pé, "Ta wá ni ọmọkùnrin yẹn?"

Mo sunkún dé ilé.

Wọ́n ti tún pè é báyìí sí fíìmù mìíràn, wọ́n ní olórí eré ni lọ́tẹ̀ yìí. Inú rẹ̀ ń dùn bíi ti ọmọdé. Tólú ọmọ wa, tí mo ti wá sọ àṣírí yìí fún, ní, "Mummy, please, ẹ jẹ́ kí Daddy ṣe é. Ohun tó ń mú inú wọn dùn nìyẹn." Ṣùgbọ́n ṣé Tólú ló máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ bá ń sunkún láàárín àlejò, tí kò mọ ibi tó wà? Ìfẹ́ ni mo pè é nígbà tí mo gbà láti dákẹ́. Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ Ajé ni mánijà rẹ̀ tó ń bá a wá iṣẹ́ máa pè láti gbọ́ èsì, èmi ló sì máa bá sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ọkọ tiyín ni, kí lẹ máa sọ fún mánijà náà?