Ẹrù Dín, Ẹ̀rù Dín

Ọlọ́kọ̀ ní ká tètè dé sí èbúté Mákún-Omi. Ọ̀sán pọ́n, a ò rí i, a ò sì rí àga jókòó. Ibi tínú ti ń bí mi ni mo ti gbọ́ obìnrin méjì lẹ́yìn mi.

"Ẹ̀gbọ́n, àpò kan àti ẹní nìkan lẹ ń kó padà sí Òde-Omi?"

"Àgbàrá gbé ìyókù lọ. Kò gbé ọmọ."

"Gbogbo àwo tẹ́ ò jẹ́ ká fi jẹun!"

"Nígbà yẹn, n kì í lè sùn nítorí olè. Ní báyìí, orí ẹní tí ìyá mi hun ni mo ti ń sùn wọra. Ẹrù dín, ẹ̀rù dín. Mo dúpẹ́."

Èkejì gbọ́wọ́ lé fíríìjì tó gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣọ́ fíríìjì mi. Ìtọ̀ ti ń gbọ̀n mí látàárọ̀."