Àpò Afẹ́fẹ́ Inú Ẹja
Létí odò Ògùn, lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, ni mo ti ra ẹja lọ́wọ́ bàbá apẹja kan, ó ń là á fún mi lọ́wọ́ nígbà tí obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ kú sómi, tí wọn kò tíì rí òkú rẹ̀, wá lóṣòó tì í.

"Bàbá, kí lẹ fà yọ yẹn?"

"Àpò afẹ́fẹ́ ọ̀bọ̀kún ni, ọmọ mi. Òun ló ń gbé e léfòó."

"Ti àrọ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn kò ju ẹ̀pà méjì lọ, egungun ló tún há a mọ́ lẹ́yìn orí. Inú ẹrẹ̀ ló ń gbé."

Obìnrin náà mú ti ọ̀bọ̀kún, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ ọsàn wò.

"Èwo ni ti ọkọ mi?"

"Èèyàn kì í ṣe ẹja. Ọjọ́ kẹta ló ń léfòó."

"Òní ló pé ọjọ́ márùn-ún. Àwọn àbúrò rẹ̀ ti gbẹ́ sàréè dè é. Lánàá mo pè é, omi hó níbi tó rì sí."

"Àrọ̀ ni. Ó máa ń wá sókè láti mí èémí."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè é, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni omi hó."

Títí dòní ni mò ń gbọ́ bó ṣe sọ ọ́, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni ń ka ọmọ.

Bàbá náà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Má pè é lẹ́ẹ̀kẹrin."