Ọkọ̀ Dúró, Ṣùgbọ́n Kì í Ṣe Sakété

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹsẹ̀ tí mo fi dúró níwájú yín yìí, Ọlọ́run ni ó dá a sí. Ògo ni fún orúkọ Rẹ̀.

Ojú mi ti ṣókùnkùn. Láti ìgbà òmìnira ni wọ́n ti tún àwọn pátákó orúkọ ìlú kùn ní gáà, ibùdókọ̀ ojú irin, ṣùgbọ́n èmi tí mo kàwé lọ́dọ̀ àwọn Sísítà ìjọ Àgùdà, n kò lè kà wọ́n. Ẹnikẹ́ni kì í sì pe orúkọ ìlú fún èrò. Etí ni mo fi ń mọ Sakété: bí mo bá ti gbọ́ ohùn àwọn onígààrí, mo ti dé nìyẹn.

Ní ọjọ́ ọjà kan, mo wọ aṣọ funfun ní Pobè, mo bọ́ bàtà gẹ́gẹ́ bí ìlànà wa, mo sì wọ ọkọ̀ ojú irin láti wá jọ́sìn níbí ní Sakété. Ọkọ̀ dúró. Ohùn onígààrí kan wọlé láti ojú fèrèsé:

"Ìyá aláṣọ funfun, ẹ ra gààrí. Tèmi gbẹ ju ìwàásù yín lọ."

Mo dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kì í gbẹ, mo sì sọ̀ kalẹ̀.

N kò mọ̀ pé màlúù ni ó dí ọkọ̀ lọ́nà nínú igbó, àti pé àwọn onígààrí tí ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà Sakété ni wọ́n sáré wá tajà. Ọkọ̀ lọ. Ohùn wọn jìnnà. Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́.

Mo rìn títí, mo ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà gáà. Mo tẹ òkúta, mo tẹ irin. Irin náà ń gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Ọkọ̀ tí ń lọ sí Pobè, tí ó ti dúró de tiwa ní Sakété, ni ó ń bọ̀. N kò mọ̀ bóyá kòtò ni ó wà lọ́tùn-ún tàbí lósì. Ara mi le bí igi. Mo ní, "Olúwa, ríran fún mi."

Ọwọ́ kan fa aṣọ mi, aṣọ ya, a ṣubú sínú koríko. Ọkọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wa. Àlímọ́tù ni, onígààrí tí ó fi ìwàásù wa ṣàwàdà. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí aṣọ funfun lójú irin, ó sì da igbá rẹ̀ nù, ó sáré padà.

"Màmá, ṣé ẹ kò ríran ni?"

"N kò ríran, ọmọ mi. Ẹnì kan ì bá ti sọ fún mi pé a kò tíì dé."

Ó fà mí lọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá gáà. Èdè Faransé ni mo fi bá a sọ̀rọ̀, kí ó lè gbọ́ mi yé: afọ́jú pẹ̀lú ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó yẹ kí ó mọ ibi tí òun wà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, ọkọ̀ tún dúró. Mo gbọ́ àwọn onígààrí. Mo dìde, mo na ọwọ́ wá ẹnu ọ̀nà. Nígbà náà ni ẹni tí ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò rìn kọjá láàárín wa, ó ń ké pé, "Kì í ṣe Sakété o. Ẹ jókòó."

Mo jókòó.

Àlímọ́tù wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú gààrí rẹ̀. Bí a bá parí, ẹ rà á tán. Kí ẹ sì bá mi yọ̀, kí a jọ fi ògo fún Ẹni tí ó ríran fún mi.