Ará Jámánì àti Ọ̀gá Wa Tuntun

Nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ìjọba láti Nyanya, láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin méjì tó jókòó níwájú mi.

“Ará Jámánì yẹn, nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, kì í sáré. Ẹnu góòlù ló ti máa ń dúró de bọ́ọ̀lù. Ó wá di kóòṣì tán, ẹni tí kò bá sáré, á yọ ọ́ ni.”

“Ọ̀gá wa tuntun gẹ́lẹ́ nìyẹn. Nígbà tá a jọ jẹ́ akọ̀wé, á fi jákẹ́ẹ̀tì kọ́ àga bíi pé ó wà nítòsí, á sì gba Lugbe lọ síbi tó ti ń kọ́lé. Ní báyìí, jákẹ́ẹ̀tì tó bá rí lórí àga tí kò rí olúwa rẹ̀, ó ti gbé e lọ nìyẹn.”

“Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta. Àmọ́ òtútù yìí mú o. Jákẹ́ẹ̀tì tìẹ dà?”

Ẹnìkejì fọwọ́ ra apá.

“Ó wà lọ́dọ̀ kóòṣì.”