Bóòtù Tí Mo Fi Ọ̀dà Bò

Ẹ sún mọ́ mi, ohùn mi ò jinlẹ̀ mọ́. Dókítà ti sọ iye ọ̀sẹ̀ tó kù fún mi, kò pé ìka ọwọ́ kan. Mi ò ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọlẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún lẹ fi ń pe àbúrò mi ní Apayàwó, tí ẹ ń pe èmi ní èèyàn gidi. Ẹ ti ṣi orúkọ méjèèjì pè. Èmi tí mo dùbúlẹ̀ síbí yìí ni mo pa ìyàwó àbúrò mi, èmi náà ni mo sì fi ọwọ́ ara mi pa ẹ̀rí tí ì bá dá a láre.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí sí káfíńtà ọkọ̀ ojú omi. Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé gírámà ní ìṣirò, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní Tíṣà. Ọdún méjì gbáko la fi kan ọkọ̀ ìgbòkun kékeré kan nínú ṣẹ́ẹ̀dì mi. Ó ní yàrá kótópó kan tí èèyàn méjì lè sùn mọ́jú. Bí a bá fẹ́ lọ, a ó gbé e ka orí tírélà ẹlẹ́sẹ̀ méjì, a ó so ó mọ́ ìdí mọ́tò, a ó wọ́ ọ lọ sí omi tó bá wù wá. Ìyàwó Tíṣà, tó jẹ́ aránṣọ, ló rán ìgbòkun rẹ̀, aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kí ọkọ̀ tó lè rìn. Abẹ́rẹ́ mẹ́rìndínlógún ló kán mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ọkọ méjì ni mo fẹ́, ọkọ̀ kan péré ni wọ́n rí kàn!"

Ohun tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dojú ọkọ̀ náà dé ni irin pẹlẹbẹ kan lábẹ́ rẹ̀, tó wúwo tó èèyàn méjì. A ó fà á sókè bí ọkọ̀ bá wà lórí tírélà. Bí a bá dé ibú, a ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a ó sì ti ọ̀pá irin kékeré kan bọ ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó má bàa ká padà sókè. Ṣùgbọ́n bóòtù kan ṣoṣo, irin tí a fi de irin pẹlẹbẹ yẹn mọ́ ọkọ̀, ló gbé gbogbo ẹrù náà dúró. Nígbà tí a ń kàn án, Tíṣà ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká ra bóòtù tí wọ́n ṣe fún omi iyọ̀." Mo yínmú. Mo ní, "Ṣé ìwọ lo wá fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ tí mo fi tọ́ ẹ dàgbà?" Èmi fúnra mi ni mo gbẹ́ bóòtù náà lórí ẹ̀rọ mi. Irin ni mo rò pé mò ń gbẹ́, àṣé ìgbéraga ni.

Ní ọdún kẹta tí a kàn án tán, ilé ìwé gba ìsinmi, Tíṣà àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ lọ sùn lójú omi ní ọjọ́ Sátidé. Ní Ọjọ́rú, mo wọ abẹ́ ọkọ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fi àkísà nu bóòtù yẹn, mo rí ìlà kan tó tín-ín-rín bí irun orí. Mo fi èékánná wọ́ ọ kọjá, èékánná mi kọ́ ọ. Oníṣẹ́ irin èyíkéyìí mọ ohun tí ìyẹn ń sọ: irin náà ti ń là. Gbólóhùn kan péré ló kù kí n sọ: "Tíṣà, ìwọ lo jàre ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ má lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí." Ahọ́n mi ò gbé e. Mo fi gírísì dí ojú ìlà náà, mo fi ọ̀dà pupa kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní yóò gbé wọn lọ, yóò gbé wọn bọ̀, tí wọ́n bá dé màá yọ́ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ìwà òmùgọ̀! Ṣé omi ń wo ọ̀dà ni?

Ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n mú ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, wá sílé mi kó dúró dè wọ́n. Ìyàwó Tíṣà gbé fúláàsì dání, ó bi mí pé, "Ọkọ mi àgbà, ṣé gbogbo rẹ̀ pé?" Mo wo ojú rẹ̀ kòrókòró. "Ó pé," ni mo wí. "Ẹ lọ gbádùn ara yín."

Ẹnu Tíṣà ni mo ti gbọ́ ìyókù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni. Ìyàwó mi wà nínú yàrá ọkọ̀, ó ń po tíì. Atẹ́gùn kan ṣàdédé fẹ́, mo gbọ́ 'kà!' lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ọkọ̀ sì dojú dé. Mò ń gbọ́ ọ tó ń lu pákó láti inú, tó ń pè mí. Mo mòòkùn lọ sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin kí n lè fà á jáde. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, kò lù ú mọ́."

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà wá sí ṣẹ́ẹ̀dì mi. Òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ọkọ̀ wò yóò dé ní ọ̀sán. Mo ti ilẹ̀kùn, mo wọ abẹ́ rẹ̀. Bóòtù mi ti kán sí méjì. Ọ̀pá irin kékeré yẹn ńkọ́? Ó wà nínú ihò rẹ̀. Ó ti tẹ̀ gan-an nítorí ẹrù tó já lé e, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kó wà náà ló wà. Àbúrò mi kò gbàgbé ohunkóhun. Mo fi òòlù gbá a jáde. Mo fi bóòtù tuntun rọ́pò èyí tó kán. Mo mú ọ̀pá mìíràn tó gún régé, mo fi í sínú àpótí yàrá ọkọ̀, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò mú un jáde rí. Èyí tó tẹ̀ àti bóòtù tó kán, mo jù wọ́n sínú kànga tí wọ́n ti fi kọnkéré dí báyìí. Kò sí ẹ̀rí kankan mọ́ láyé yàtọ̀ sí ẹnu mi yìí.

Lẹ́yìn náà ni mo jókòó ti àbúrò mi. Mo rọra bi í, bí ẹni tó ń ṣàánú, "Ṣé ó dá ẹ lójú pé o ti ọ̀pá yẹn bọ̀ ọ́?" Ó ní, "Mo rò pé mo tì í." Mo ní, "O rò?" Mo rí i lójú rẹ̀ bí iyèméjì ṣe wọ ọkàn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe láyé. Nígbà tí òṣìṣẹ́ náà dé, tó ṣí àpótí, tó rí ọ̀pá, àbúrò mi ló kọ́kọ́ wí pé, "Èmi ni. Mo gbàgbé."

Àna rẹ̀ ní kó má tẹ ẹnu ọ̀nà òun mọ́. Ó fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, ó ń gbé yàrá kan lẹ́yìn ilé búrẹ́dì. Nígbà tí mo bá lọ kí i, màá rí i tó ń fi àtàńpàkò ti afẹ́fẹ́ bí ẹni ń ti ọ̀pá bọ ihò, tó tún ń tì í, tó ń wá ọjọ́ yẹn nínú ọwọ́ ara rẹ̀. Màá sì fọwọ́ pa á lẹ́yìn, màá ní, "Àmúwá Ọlọ́run ni." Ẹnu mi yìí náà!

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni mo ránṣẹ́ pè é, mo sọ ọ́ fún un. Kò pariwo, kò sunkún. Ó ní, "Iwájú èèyàn lẹ ti purọ́ mọ́ mi. Iwájú èèyàn náà ni kẹ́ ẹ ti kó o kúrò." Mo bẹ̀ ẹ́ pé, "Ṣé wàá dárí jì mí?" Ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ ná."

Mo ti sọ ọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí mo kọ́ níṣẹ́, tí ọwọ́ yín bá ṣe àṣìṣe, ẹ tètè pariwo rẹ̀ kí ìtìjú tó dẹni tó ń pàṣẹ fún yín. Ìwọ ọmọ àbúrò mi tó ń sunkún níbẹ̀ yẹn, mo mọ̀ pé ọdún méje rèé tí o kò bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀. Mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Dìde. Má dúró tì mí. Ilé búrẹ́dì ò tíì pa ilẹ̀kùn, yàrá rẹ̀ ni ẹlẹ́ẹ̀kejì lápá ọ̀tún. Kan ilẹ̀kùn, kí o pè é ní bàbá.