Bísọ́dún Gbé Ọtí Lọ sí Ìpàdé

[Fóònù ń dún. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.]

ÌBÍDÙNNÍ: Hẹ́lò. Bísọ́dún.

BÍSỌ́DÚN: Ẹ káàsán, Sister. Ẹ kú iṣẹ́. Àwọn ọmọ ńkọ́?

ÌBÍDÙNNÍ: Wọ́n wà. Ṣé o ti dé Àkúrẹ́?

BÍSỌ́DÚN: Mo ti dé. Epo ti wọ́n, wọ́n tò wá sínú ọkọ̀ bí ẹja inú páálí. Bàbá wọn ńkọ́?

ÌBÍDÙNNÍ: Ó wà. Ewúrẹ́ náà wà. Kí ló ṣẹlẹ̀?

BÍSỌ́DÚN: Kò sí nǹkan. Mo ní kí n kí yín ni.

ÌBÍDÙNNÍ: Nọ́ọ̀sì tó júwe ìpàdé yẹn ní wọn kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí lo ń ṣe lórí fóònù?

BÍSỌ́DÚN: Mo wà níta ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń ṣe é, lábẹ́ igi máńgòrò. Mò ń gbọ́ ohùn wọn.

ÌBÍDÙNNÍ: Wọlé.

BÍSỌ́DÚN: Sister, téèyàn bá da ọtí sílẹ̀ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé ó burú?

[Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.]

ÌBÍDÙNNÍ: Ọtí wo?

BÍSỌ́DÚN: Ṣé ẹ gbọ́ mi? Network ibí yìí—

ÌBÍDÙNNÍ: Mo gbọ́ ọ. Ọtí wo?

BÍSỌ́DÚN: Ṣìnáàpù. Ìgò kan péré. Ẹ̀yin lẹ ní kí n má lọ lọ́wọ́ òfo.

ÌBÍDÙNNÍ: Ìpàdé àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí lo—

BÍSỌ́DÚN: Ẹgbẹ́ ni, Sister. Ẹgbẹ́ wo lèèyàn wọ̀ rí tí kò gbé ọtí ìwọlé dání? Ẹgbẹ́ àwa tíṣà, ọtí. Ẹgbẹ́ àwọn landlord, ọtí. Mo ti rà á tán kó tó yé mi.

ÌBÍDÙNNÍ: Bisikíìtì ni mo ní lọ́kàn.

BÍSỌ́DÚN: Ẹ ò sọ bisikíìtì.

ÌBÍDÙNNÍ: Tíṣà. Òun ló ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní social studies. Dà á nù.

BÍSỌ́DÚN: Nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì? Àlejò láti Oǹdó dúró sídìí igi, ó ń ta ṣìnáàpù sílẹ̀. Wọ́n á ní mò ń bọ nǹkan. Ìyá tó ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì ti ń wò mí láti ẹ̀ẹ̀kan.

ÌBÍDÙNNÍ: Gbé e sílẹ̀ nígbà náà, kí o wọlé.

BÍSỌ́DÚN: Mo ti gbé e sílẹ̀. Mo rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn, mo tún padà wá gbé e.

[Ariwo lórí ìlà.]

ÌBÍDÙNNÍ: Bísọ́dún, ṣé o gbọ́ mi? Ṣé o ti ṣí i?

[Ìdákẹ́jẹ́.]

ÌBÍDÙNNÍ: Ṣé o gbọ́ mi?

BÍSỌ́DÚN: Mo gbọ́. Mo ti yí ọmọrí rẹ̀. N ò tíì mu. Bí ẹnu mi bá ń sọ̀rọ̀, kò ní lè mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fóònù sílẹ̀.

ÌBÍDÙNNÍ: N ò gbé e sílẹ̀. Ìyàwó rẹ pè mí láàárọ̀.

BÍSỌ́DÚN: Kí ni Yéjídé wí?

ÌBÍDÙNNÍ: Ó ní tí o bá jókòó ní ìpàdé yẹn lónìí, òun á kó àwọn ọmọ bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá òun. Tí o ò bá jókòó, kí n má pe òun mọ́.

BÍSỌ́DÚN: Mo mọ̀.

ÌBÍDÙNNÍ: Ó mọ̀, ó sì ra ṣìnáàpù.

BÍSỌ́DÚN: Ẹnì kan ń bọ̀.

RÀÍMÌ [lókèèrè, ó ń sún mọ́]: Ẹ káàsán, ọ̀gá. Ṣé ìpàdé lẹ bá wá? Ràímì ni wọ́n ń pè mí, èmi ni mò ń darí— kí lẹ gbé dání?

BÍSỌ́DÚN: Ọtí ìwọlé ni, sà.

RÀÍMÌ: Ọtí ìwọlé.

ÌBÍDÙNNÍ: Ní kó gbà á lọ́wọ́ rẹ.

BÍSỌ́DÚN: Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ẹ gbà á, sà.

RÀÍMÌ: Ẹ bá mi sọ fún wọn pé n ò lè fọwọ́ kàn án. Ó ti pẹ́ tí mo ti jáwọ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

ÌBÍDÙNNÍ: Àwọn yòókù ńkọ́?

BÍSỌ́DÚN: Wọ́n ní àwọn yòókù ńkọ́?

RÀÍMÌ: Bákan náà ni gbogbo wa.

ÌBÍDÙNNÍ: Ìyá tó ń gbálẹ̀—

BÍSỌ́DÚN: Ó ti bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

[Ẹsẹ̀ púpọ̀. Igi ń wọ́ nílẹ̀.]

ÌBÍDÙNNÍ: Kí ló ń dún yẹn? Ṣé o gbọ́ mi?

BÍSỌ́DÚN: Wọ́n ń gbé bẹ́ǹṣì jáde. Gbogbo wọn. Wọ́n ń tò ó yí mi ká.

RÀÍMÌ: Ẹ gbé e sáàárín, níbi tí ojú gbogbo wa á ti tó o. Tí ẹ bá dìde sí i, a ó rí yín. Tí èmi bá dìde, ẹ ó rí mi.

[Ìgò dún lórí òkúta.]

ÌBÍDÙNNÍ: Ṣé o ti gbé e sílẹ̀?

BÍSỌ́DÚN: Mo ti gbé e sílẹ̀.

ÌBÍDÙNNÍ: Ṣé ó ṣì kún?

BÍSỌ́DÚN: Ó kún. Àwọn náà ń wò ó. Sister, ẹ jẹ́ kí n máa lọ, wọ́n ń dúró dè mí.

ÌBÍDÙNNÍ: Kọ́kọ́ jókòó kí n gbọ́.

[Bẹ́ǹṣì dún.]

BÍSỌ́DÚN: Mo ti jókòó.

ÌBÍDÙNNÍ: Ó dáa. Màá pe Yéjídé báyìí, màá sọ fún un pé— Bísọ́dún? Ṣé o gbọ́ mi? Ṣé o—

[Ìlà já.]