"Bí Àná" Ni Mo Kọ

"Ọkọ rẹ ló pa wọ́n! Ọ̀mùtí ni! Jókòó, jàre!"

Ọ̀gá wa, tí a ń pè ní Máfòyà, ló ń jágbe bẹ́ẹ̀ mọ́ opó awakọ̀ bàálù, lójú gbogbo mọ̀lẹ́bí àwọn tó kú nínú bàálù náà, tí wọ́n wá ṣe ìrántí ọdún keje nínú gbọ̀ngàn pápákọ̀ òfurufú tí a ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún méje ni mo ti ń gbọ́ ọ tí mo ń dá itọ́ mì. Mo dìde. Mo ní, "Ọ̀gá, irọ́ yìí ti sáré tó. Èmi pẹ̀lú yín la pa wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ikú tó pa mí mọ́ ọn."

Ohun tí mo sọ rèé. Ẹ̀rọ kan wà lẹ́bàá ibi tí bàálù ń balẹ̀ sí. Tí kùrukùru bá bo ilẹ̀, òun ló ń fi ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ han awakọ̀, bí ẹní fa afọ́jú lọ́wọ́. Èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀. Láràárọ̀ ló yẹ kí n wọ̀n ọ́n, kí n kọ ohun tí mo bá sínú ìwé. Ṣùgbọ́n àwa oníṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ kan tí ìmẹ́lẹ́ kọ́ wa: "Bí àná." O kọ ọ́, o buwọ́ lù ú, o lọ mu tíì rẹ. Èmi aláìníláárí! Lọ́jọ́ kan, mọ́tò tó ń gé koríko kọlu òpó ẹ̀rọ náà, òpó tẹ̀, ọ̀nà tó ń fi hàn yẹ̀, aago ìkìlọ̀ figbe ta. Mo sáré tọ Ọ̀gá lọ pé ká pa ẹ̀rọ títí a ó fi tún un ṣe. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Ẹ̀rọ! Àwọn olùyẹ̀wò ń bọ̀, o fẹ́ kí wọ́n bá àléébù lọ́wọ́ wa? Ìwọ tí o ò fojú ba ilé ìwé, tí mo sọ dèèyàn! Ṣé aago ló ń dà ọ́ láàmú? Pa á lẹ́nu mọ́." Mo já wáyà aago náà. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni mo kọ "Bí àná." Ojú ọjọ́ mọ́, àwọn awakọ̀ ń fojú ara wọn rí ilẹ̀, mo rò pé mo ti mú un jẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kọkànlá náà, kùrukùru dé. Mo gbọ́ ohùn awakọ̀ lórí rédíò: "Ọ̀nà ti hàn kedere. Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ará ilẹ̀." Èmi ló ń dúpẹ́ fún! Kò pẹ́ tó fi forí sọ òkè. Èèyàn mọ́kàndínlọ́gọ́ta ló kú. Ẹ dúró, mi ò tíì sọ èyí tó burú jù. Àwọn èèyàn ń sáré lọ síbi iná. Èmi àti Ọ̀gá sáré lọ sídìí òpó. Ó di òpó mú kó tọ́, mo fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le, mo so wáyà padà. Ẹnì kan ń ké lókè níbẹ̀, "Ẹ gbà mí o!" A ń gbọ́ ọ. Iṣẹ́ tí a sá fún lọ́jọ́ mọ́kànlá, ogún ìṣẹ́jú ló gbà wá. Nígbà tí a fi parí ẹ̀, ẹni yẹn ò ké mọ́. Mo wá búra fáwọn olùwádìí pé ẹ̀rọ mi pé, Ọ̀gá sì rọra sọ ọ́ sí wọn létí pé awakọ̀ náà fẹ́ràn ọtí.

"Arúgbó ti ń ṣarán!" Máfòyà ní.

"Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́," mo ní, "ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó kọ ọ́." Mo yọ ìwé iṣẹ́ àwọn ọjọ́ náà lábẹ́ apá mi, mo gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, ìwé gbàǹgbà tí wọ́n fi irin di létí.

Opó náà wá. Ó ṣí i, ó fìka tọ "Bí àná" mọ́kọ̀ọ̀kànlá.

"Bàbá, ọwọ́ wo lẹ fi kọ ọ́?"

Mo tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún mi sórí tábìlì. Ó pa ìwé náà dé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè, ó là á mọ́ ọwọ́ náà.